Bàbá Tó Ni Orin Eré Wa

"Ẹ dákẹ́! Ta ló ní kí ẹ pe ọ̀rọ̀ orin? Sólfà ni mo ní!"

Bàbá na rúlà mọ́ tábìlì, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ pa lọ́lọ́. Ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n ni wá níbẹ̀. Yunifọ́ọ̀mù ti lẹ̀ mọ́ wa lẹ́yìn, òórùn kíkan kòkó tí àwọn aládùúgbò sá síta ń já wọlé, ó ń dàpọ̀ mọ́ òórùn róòbù tí Bàbá fi ń ra orúnkún. "Ẹ tún un bẹ̀rẹ̀," ló wí. "Ẹni tó bá tún fẹnu kan ọ̀rọ̀ orin, màá lé e lọ bá ìyá rẹ̀." A bú sẹ́rìn-ín, a sì tún bẹ̀rẹ̀ láti dò.

Kì í ṣe bàbá tó bí mi. Ògiri kan ṣoṣo ló la ilé rẹ̀ àti ilé ìwé wa láàárín ní Oǹdó. Òun ni ọ̀gá akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ọdún gbọọrọ, títí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Lọ́dọọdún tí ilé ìwé wa bá fẹ́ ṣe eré olórin, òun ló ń ṣẹ̀dá gbogbo orin rẹ̀, òun náà ló sì ń kọ́ wa. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi ń kọ sólfà lásán kó tó jẹ́ ká gbọ́ ọ̀rọ̀ orin. Ó ní ẹni tó bá kọ́kọ́ mọ ọ̀rọ̀ kò ní í tẹ́tí sí ohùn mọ́.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, wọ́n ní ká gbé eré wa wá sí Àkúrẹ́, níwájú àwọn ilé ìwé mìíràn. Ẹ wo iṣẹ́! Àwọn ọmọkùnrin ń gé páálí, wọ́n ń kùn ún láwọ̀ igi kòkó. Àwa obìnrin ń tú kọ́tìnnì àtijọ́, à ń rán an ní aṣọ eré. Ọwọ́ Bàbá ń gbọ̀n, kò lè kọ̀wé mọ́, nítorí náà òun ń kọrin, èmi ń kọ ọ́ sínú nóòtù. Bí mo bá kọ ọ́ tán, á ní kí n kọ ọ́ lórin padà fún òun.

"Mo ní sọ̀, o kọ fà. Ta ló rán ẹ sí fà?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá."

"Pa á rẹ́, jàre. Fà ń sùn, má jí i."

Orin méje la kọ báyìí. Kò sí ìlà kan nínú rẹ̀ tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ kí bírò mi tó kàn án. Èyí ni ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó mọ ìdí tí inú fi ń bí mi títí dòní.

Igbákejì ọ̀gá ilé ìwé wa, tí gbogbo wa ń pè ní Víìpì, kò fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn rí. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan ká lọ ló ránṣẹ́ pè mí. "Mú nóòtù orin yẹn wá, kí n lọ ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ fún àwọn adájọ́." Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Háà! Mo kúnlẹ̀ fún olè, mo tún ní "ẹ ṣé, sà".

Lọ́jọ́ náà, Bàbá bá wa wọ bọ́ọ̀sì. Agbádá funfun ló wọ̀, wọ́n lọ̀ ọ́ débi pé ó fẹ́ dá dúró. Nígbà tí a dé gbọ̀ngàn ní Àkúrẹ́, wọ́n pín ìwé ètò. Mo ṣí tèmi. Ẹni tó ṣẹ̀dá orin: Víìpì. Ẹni tó darí orin: Víìpì. Mo wá orúkọ Bàbá títí, n kò rí i, kódà lábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Orúkọ ẹni tó fún wa ní omi inú ọ̀rá wà níbẹ̀ o!

Bàbá nawọ́ pè mí. "Wá ka ìwé yìí fún mi. Níbo ni wọ́n kọ mí sí?"

Mo fi ìka mi lé orí orúkọ olè yẹn. "Ibí nìyí, Bàbá. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀dá orin."

Ó fi ìka tirẹ̀ síbẹ̀, ó rọra ń fi pa ìwé náà. "Wọ́n ṣeun," ló wí. Inú rẹ̀ dùn, èmi náà sì rò pé mo ti ṣe é lóore.

Kò pẹ́ tí olóòtú ètò fi gbé maikí. Ó ní kí gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún ọlọ́pọlọ pípé tó fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá orin méjèèje, ó sì dárúkọ Víìpì ketekete. Ọkùnrin náà dìde, ó ń juwọ́. Mo bojú wo Bàbá. Ìka rẹ̀ ṣì wà lórí ìwé yẹn.

Lẹ́yìn kọ́tìnnì, ọmọbìnrin tó jẹ́ olórí òṣèré wa tú gèlè sọ́wọ́. "Èmi ò ṣe mọ́. Kí Víìpì wá kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ṣebí òun ló ni ín!" Gbogbo wa ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa rí. Ibẹ̀ la wà tí Bàbá fi wọlé, tó ń fọwọ́ tọ ògiri.

"Ẹ wé gèlè yín," ló wí. "Ẹ ti ṣiṣẹ́ títí. Ẹ má tìtorí mi bà á jẹ́."

A kọ ọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde fún wa, Víìpì ń tẹrí ba bí ẹni pé ohùn rẹ̀ ni wọ́n gbọ́. Inú bí mi débi pé mo ń kọrin, mo ń sunkún. Inú bí mi sí Bàbá gan-an pẹ̀lú. Kí ló dé tí kò pariwo?

Nígbà tí à ń padà, tí bọ́ọ̀sì ti kọjá Ọ̀wẹ̀nà, mo sún mọ́ ọn. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Èmi ni mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Èmi ni ẹlẹ́rìí yín."

"Ẹlẹ́rìí kẹ̀? Ìwọ tó o ka orúkọ mi níbi tí kò sí?"

"Mi ò fẹ́ kí inú yín bàjẹ́ ni, Bàbá."

"Ó jí orin mi. Ìyẹn, màá ṣe òmíràn. Ṣùgbọ́n ojú rẹ ni mo fi ń ríran, ọmọ mi. Bí ìwọ náà bá ń purọ́ fún mi, ta ni kí n wá bi?"

Kò ṣe òmíràn. Nígbà òjò ọdún kejì lẹ́yìn náà ló kú. Víìpì di ọ̀gá ilé ìwé, wọ́n ń fi orin yẹn yìn ín káàkiri. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọjọ́ wo gan-an? Ẹ bá mi bi wọ́n léèrè, torí mo ti dúró títí ó ti sú mi.

Àkúrẹ́ ni mò ń gbé báyìí. Lóṣù tó kọjá, ọmọ mi obìnrin mú orin kan bọ̀ láti ilé ìwé, wọ́n fẹ́ fi ṣe eré olórin tiwọn. Mo mọ̀ ọ́n láti ìlà àkọ́kọ́. Orúkọ Víìpì ló wà lókè rẹ̀. Mo fa bírò yọ, mo fi pa á rẹ́ títí bébà fẹ́rẹ̀ẹ́ ya, mo sì kọ orúkọ Bàbá sí i gàdàgbà. Mo sọ gbogbo ìtàn náà fún ọmọ mi, àti ti irọ́ tí mo pa.

Ó wo ìwé náà. "Mọ́mì, ṣé Bàbá yẹn padà rí orúkọ wọn báyìí kí wọ́n tó kú?"

Mo ní rárá, wọn ò rí i.