Abọ́ Tèmi Lọ́tọ̀ ní Oṣù Ààwẹ̀

Òórùn ọpọ̀tọ́ tó ti pọ́n jù ló máa ń kún inú igbó yẹn ní òwúrọ̀, òórùn dídùn tó kan díẹ̀, bí ògì tó ti pẹ́ nínú omi. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan ló dá igbó náà sí. Kò jìnnà sí Agbowó níbi tí à ń gbé. Béèyàn bá dúró lábẹ́ igi níbẹ̀, ó ṣì ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ láti títì. Àwọn ọ̀bọ ló ń gbé ibẹ̀, ìgbẹ́ wọn sì ni iṣẹ́ mi.

Olùwádìí obìnrin kan tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí ló gbà mí. Ó ní ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí kì í sì í ṣi nǹkan mú, ni òun ń wá. Màá tẹ̀ lé àwọn ọ̀bọ náà jẹ́ẹ́jẹ́ títí ọ̀kan yóò fi ṣu, màá fi igi pẹlẹbẹ bu díẹ̀ sínú ìgò, màá sì kọ ẹni tó ni ín sí i lára. Mo mọ̀ wọ́n lójú: èyí tí etí rẹ̀ ya, abiyamọ tó ń tiro, akọ àjèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibòmíràn. Ọ̀gá mi ṣàlàyé pé àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí wà nínú ìfun gbogbo wa, èèyàn àti ẹranko, pé ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe àìsàn, àwọn ló ń bá wa da oúnjẹ. Bí wọ́n ṣe ń ti inú ẹranko kan bọ́ sínú òmíràn ni ó ń wádìí. Èmi rò pé oúnjẹ ni. Ó ní oúnjẹ ní ipa tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá máa ń fi tirẹ̀ ran ọmọ, àwọn tó bá sì ń jókòó ti ara wọn, tí wọ́n ń bá ara wọn ṣa iná inú irun, inú wọn máa ń jọra. Ti akọ àjèjì yẹn yàtọ̀ nígbà tó dé. Bí wọ́n ti ń gbà á mọ́ra, tí wọ́n ń tú irun rẹ̀, tirẹ̀ ń jọ tiwọn díẹ̀díẹ̀. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi náà, Ṣakí ni mo ti wá bá wọn nílé ọkọ.

Ṣùgbọ́n n kò sọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe nílé. Mo sọ fún wọn pé ọ́fíìsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ náà kúkú ní ọ́fíìsì, mo sì máa ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá.

Ilé mọ̀lẹ́bí ni ilé ọkọ mi. Nínú oṣù ààwẹ̀, àwa ìyàwó ilé máa ń ṣínu pa pọ̀. Wọ́n á bu ẹ̀fọ́ rírò sínú abọ́ fífẹ̀ kan, kálukú á bó ẹ̀kọ tirẹ̀, gbogbo ọwọ́ á sì pàdé nínú abọ́. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n: ibẹ̀ la ti ń mọ ẹni tó ń bínú, ẹni tó lóyún, ẹni tí ọkọ rẹ̀ kò tíì wálé. Ìyàwó tí kò bá sí nídìí abọ́ yẹn, àlejò ni.

Oníkẹ̀kẹ́ àdúgbò wa kan ló tú àṣírí mi. Ó gbé èrò lọ sẹ́bàá igbó náà, ó rí mi níbi tí mo lóṣòó sí, tí mò ń bu ìgbẹ́ ọ̀bọ sínú ìgò. Ní ìrọ̀lẹ́ ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ní kí àwọn ìyálé mi bá òun bi mí léèrè.

"Èló ni wọ́n ń ta ìgbẹ́ ọ̀bọ báyìí? Kó má lọ wọ́n mọ́ wa lọ́wọ́ kí ọdún tó dé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí a kírun tán, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí wọ́n jẹ́ àgbà gbogbo wa, gbé abọ́ kékeré kan síwájú mi.

"Tìrẹ rèé, ìyàwó," ni wọ́n wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Kó o lè ráyè jẹun."

Kò sẹ́ni tó wò mí. Mo mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù, n kò sì ní sọ pé kò nídìí rárá: àìsàn lè wà nínú ìgbẹ́ ọ̀bọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wọ ìbọ̀wọ́, tí mo ń fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, tí mo ń pààrọ̀ aṣọ kí n tó kúrò níbi iṣẹ́. Gbogbo èyí ni ǹ bá sọ fún wọn. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo ń jẹ ẹ̀kọ mi nínú abọ́ mi, ọjọ́ ń gorí ọjọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìgúnpá wọn ń kan tèmi bí a ti jókòó. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn ọwọ́ ara mi kí n tó jẹun. Ọṣẹ nìkan ló ń rùn, síbẹ̀ n kò gba imú mi gbọ́.

Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin ní Àpáta, wá bá wa ṣínu nígbà tí ààwẹ̀ ń parí lọ. Wọ́n wo abọ́ ńlá, wọ́n wo tèmi. Wọ́n fa àpótí ìjókòó wọn sún mọ́ mi, wọ́n bó ẹ̀kọ, wọ́n sì na ọwọ́ sí abọ́ mi.

Mo gbé abọ́ náà kúrò.

Ọwọ́ mi ti ṣe é kí ọkàn mi tó mọ̀. Èmi tí mo mọ ohun tó wà nínú àwọn ìgò wọ̀nyẹn, tí mo mọ̀ pé ọwọ́ mi mọ́, èmi ni mo gbé oúnjẹ sá fún ìyá arúgbó tó gbààwẹ̀. Ọwọ́ wọn dúró lófuurufú pẹ̀lú ẹ̀kọ náà. Ìyálé mi tó gbé abọ́ kékeré náà fún mi bojú wo ilẹ̀.

"Ṣé èmi lo wá ń lé báyìí, ìyàwó mi?"

"Rárá o, Màmá. Ọwọ́ mi ni."

"Kí ló ṣe ọwọ́ rẹ?"

Kò sí ohun tó ṣe é. Mo dá abọ́ náà padà, wọ́n sì jẹun. Láti ọjọ́ kejì, abọ́ kan ṣoṣo ni ìyálé mi ń gbé kalẹ̀ fún gbogbo wa.

Ìtìjú abọ́ kékeré yẹn ti tán lára mi. Àìmọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Èyí tí kò tán ni ti ọwọ́ tó gbé abọ́ sá. Èmi mọ̀ pé ó mọ́, mo sì tún gbà pẹ̀lú wọn. Títí di òní, bí a bá jókòó láti ṣínu, mo máa ń jẹ́ kí gbogbo ọwọ́ dé inú abọ́ kí tèmi tó tẹ̀ lé e.