Búrẹ́dì Tó Wú Láàárọ̀ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa

Òórùn búrẹ́dì gbígbóná ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Peckham, ní London, láàárọ̀ Sunday yẹn. Ilé ìkẹ́rù-sí ni ṣọ́ọ̀ṣì náà tẹ́lẹ̀, o sì mọ bí òtútù irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí. Kíṣìnì nìkan ló ń móoru. Ibẹ̀ ni Mummy tó ń ṣe búrẹ́dì Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa máa ń wà kí ẹnikẹ́ni tó dé. Opó ni wọ́n, Nunhead tó wà nítòsí ni wọ́n ń gbé. Láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú, iṣẹ́ yìí ló ń gbé wọn dìde lórí ibùsùn. Wọn á po ìyẹ̀fun, omi, òróró àti iyọ̀ díẹ̀, wọn á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọn á fi fọ́ọ̀kì gún un lára, torí búrẹ́dì yẹn kò gbọdọ̀ wú. Ní tèmi, wáìnì ni mo máa ń bù sínú àwọn ife kéékèèké, n kì í dá sí ọ̀rọ̀ búrẹ́dì.

Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí wọ́n gbé e jáde nínú ààrò, ó ti wú bíi tìmùtìmù. Mummy fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Mo mú àpò ìyẹ̀fun wò: self-raising ni, èyí tí wọ́n ti po ohun tó ń mú búrẹ́dì wú mọ́. Lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Mo bi wọ́n pé ṣé wọn ò rí i ni.

Wọ́n jókòó. "Ó ti pẹ́ tí ojú mi ò ti ríran ka ìwé mọ́, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, má sọ fún àwọn pásítọ̀. Wọn á ní kí n lọ sinmi."

Àánú wọn ṣe mí débi pé omi bọ́ lójú mi. Bí a ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ìyàwó pásítọ̀ wọlé, ojú wọn sì lọ tààrà sórí búrẹ́dì náà. Mo ti ń wá irọ́ tí mo máa pa, nínú ilé Ọlọ́run, ṣùgbọ́n Mummy fúnra wọn sọ òótọ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí àwọn kan nínú ìjọ ti ń sọ pé kí a kúkú máa ra búrẹ́dì tí wọ́n ti dì sínú ọ̀rá.

Ìyàwó pásítọ̀ ya díẹ̀ lára búrẹ́dì náà, wọ́n jẹ ẹ́. "Èyí máa dáa pẹ̀lú tíì after service," ni wọ́n wí. "Mummy, ẹ po òmíràn, time ṣì wà. But ta lá máa bá yín ka ara àpò?"

Mo ní èmi ni. Mo sáré lọ ra ìyẹ̀fun tí kì í wú. Orin ìyìn gùn ju bó ṣe yẹ lọ lọ́jọ́ yẹn, títí búrẹ́dì kejì fi jinná, kò sẹ́ni tó bèèrè ìdí.

Títí di òní, èmi àti Mummy la jọ ń dúró níwájú ìyẹ̀fun ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Rye Lane, ọwọ́ wọn á wà ní apá mi. Mo máa ka ohun tó wà lára àpò sókè, wọn á ní kí n tún un kà. Tí pásítọ̀ bá wá bu búrẹ́dì náà níwájú pẹpẹ, lójú tèmi, láti ṣọ́ọ̀bù yẹn ni èmi àti Mummy ti bẹ̀rẹ̀ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa náà.