Okùn Òwú Tí Wọ́n Fi Wọn Ìbàdí Mi

Ọdún kejì tí a kó dé Festac ni síìpù síkẹ́ẹ̀tì mi já nínú bọ́ọ̀sì ọ́fíìsì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọkọ̀ ni, mo ní kí n jókòó, mo gbọ́ "fàà", bí ìgbà tí èèyàn ń ya aṣọ tuntun. Gbogbo ọkọ̀ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ni wọ́n, kò sí ẹni tó bojú wẹ̀yìn. Ọkùnrin tó jókòó tì mí ká ìwé ìròyìn ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Òun ni mo fi bo ìdí mi títí a fi dé ọ́fíìsì lérékùṣù Èkó, kò sì béèrè rẹ̀ mọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Mò ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ kan, ọkọ mi náà ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ọmọ mẹ́ta la bí. Nígbà tí àwọn àlejò ayẹyẹ àṣà tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ Festac ti lọ tán, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín ilé, fúláàtì tiwa bọ́ sí òkè pátápátá nínú ilé alájà mẹ́rin. Inú wa dùn débi pé a ò ka àtẹ̀gùn náà sí nǹkan kan. Yanrìn ṣì pọ̀ níta ju koríko lọ, ọ̀dà ara ògiri ṣì ń rùn, igi tí wọ́n gbìn sẹ́bàá ọ̀nà kò sì tíì ga tó ọmọ ọdún márùn-ún.

Bí mo ṣe sanra, mi ò lè sọ pé ọjọ́ báyìí ni. Ọmọ kẹta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, búrẹ́dì gbígbóná Mazamaza ló parí rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, bọ́ọ̀sì wa a máa dúró níbẹ̀ kí àwọn kan bọ́ sílẹ̀, àwọn tó ń ta búrẹ́dì a sì sáré wá sẹ́bàá fèrèsé. Mo máa ń ra méjì. Ọ̀kan, ti àwọn ọmọ ni. Èkejì kì í délé.

Ọ̀sẹ̀ tí síìpù já yẹn náà ni mo gbé ọmọ mi kékeré lọ sí ilé ìwòsàn nítorí ikọ́. Nọ́ọ̀sì tó dá wa lóhùn wo ojú mi, ó ní, "Màdáàmù, ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀jẹ̀ ríru yín." Ó wò ó, ó tún un wò, ó ní kí n gorí òṣùwọ̀n. Bó ṣe rí iye tó wà níbẹ̀, ó ké e sókè fún ẹni tó ń kọ̀wé ní òdì kejì gbọ̀ngàn, bí ẹni ń polówó ọjà. Àwọn obìnrin tó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì yíjú sí mi. Ọ̀kan tilẹ̀ mi orí, bí ìgbà tí èèyàn ń bá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn.

Dókítà fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ tirẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ga, kò tíì tó ohun tí mo máa lo oògùn sí, ṣùgbọ́n kí n dín ara kù, kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa bàbá mi. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Oṣù yẹn gan-an ni wọ́n rán ọkọ mi lọ kẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní London. Nígbà tó dé, kò ra bàtà, kò ra aṣọ. Òṣùwọ̀n ló rà, pẹlẹbẹ, aláwọ̀ búlúù, irú èyí tí àwọn òyìnbó máa ń gbé sí bálùwẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé òun ràn mí lọ́wọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan yìí ti di ọ̀gá mi. Mo ń gùn ún láàárọ̀, mo ń gùn ún ní ìrọ̀lẹ́, mo tún ń gùn ún tí mo bá tọ̀ tán. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá yí sẹ́yìn díẹ̀, orin ni lẹ́nu mi títí dé ọ́fíìsì. Bó bá yí síwájú, ẹnikẹ́ni ò ní bá mi gbádùn nínú ilé lọ́jọ́ náà. Ọmọ mi àgbà, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà bálùwẹ̀ kó lè wo ojú mi. Bó bá ti rí i pé ó burú, á sáré lọ bá àwọn àbúrò rẹ̀: "Ẹ tètè wọ bàtà yín o, ó ti lọ sókè!"

Mo wá ń febi pa ara mi. Ọsàn kan láàárọ̀, tíì tí kò ní ṣúgà lọ́sàn-án, oúnjẹ tí kò ju ti ọmọdé lọ lálẹ́. Lọ́jọ́ kan tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ tí òòyì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lulẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo délé, mo gun òṣùwọ̀n, ó ní mo ti fi kílò kan sanra sí i. Mo jókòó sílẹ̀ bálùwẹ̀, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan ló gbà mí. Ọkùnrin gìrìwò ni. Tó bá wọ yàrá, yàrá á kéré. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, ó lọ fọwọ́ ní bálùwẹ̀, a sì gbọ́ "gbàgà!" Ó rọra yọjú.

"Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, nǹkan búlúù kan wà nílẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Mo ní kí n gùn ún wò ni. Ó jọ pé ó ti kú."

Lóòótọ́ ló kú. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sórí òdo, kò sì mira mọ́, ì báà ṣe ọmọdé ló gùn ún, ì báà ṣe àgbà. Ọkọ mi gùn ún, ó ní, "Ẹ wò mí, mo ti fúyẹ́ ju ìyẹ́ adìyẹ lọ!" Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo rò pé gbogbo ìyà tí mo ti jẹ ti di asán nìyẹn.

Àǹtí kan ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa, tó ń ránṣọ fún gbogbo àdúgbò. Opó ni, ọmọ Èkó gidi, yóò tó ẹni ọgọ́ta ọdún, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé síkẹ́ẹ̀tì tí síìpù rẹ̀ já lọ bá a.

"Ṣé kí n tú u, kó fẹ̀ sí i ni?" ó béèrè.

"Rárá, Àǹtí. Síìpù nìkan ni kẹ́ ẹ bá mi fi sí i. Mo fẹ́ dín ara kù ni. Àmọ́ òṣùwọ̀n wa ti bàjẹ́, mi ò wá mọ bí màá ṣe mọ̀ bóyá mò ń rù tàbí mi ò rù."

Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ogójì ọdún ni mo ti ń ránṣọ obìnrin. Mo máa ń mọ ẹni tó lóyún kí ọkọ ẹ̀ tó mọ̀. Mo máa ń mọ ẹni tí ìrònú ń jẹ lára. Ẹnì kan ò gun òṣùwọ̀n níwájú mi rí. Dìde."

Ó fa òwú funfun kan tó nípọn yọ, ó fi yí ìbàdí mi ká, ó gé e níbi tó ti pàdé gẹ́lẹ́. Mo ní kó jẹ́ kí n fi téèpù wọ̀n ọ́n, kí n lè mọ iye ínǹṣì tó jẹ́. Ó gbá mi lọ́wọ́.

"Iye yẹn náà ló ń dà ẹ́ láàmú. Ọ̀dọ̀ mi ni okùn yìí máa wà. Tí oṣù tuntun bá lé ni kó o padà wá, kì í ṣe lọ́la. Ìgbà mélòó lo máa ń sinmi kó o tó gun àtẹ̀gùn délé?"

"Ìgbà mẹ́ta, mà."

"Máa kà á. Òrùka ìgbéyàwó ẹ ńkọ́, ṣé ó ń yọ?"

"Ó ti lé lọ́dún kan tó ti yọ gbẹ̀yìn."

"Ó dáa. Àwọn nǹkan tí wàá máa wò nìyẹn. Kó o sì máa jẹun o! Ẹni tébi ń pa, níbo ló fẹ́ rìn dé?"

Mo padà sídìí oúnjẹ. Ẹ̀wà láàárọ̀, ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ àti ẹja lálẹ́, ẹ̀bà tí kò ju ìkúùkù mi lọ. Mínírà ẹlẹ́rìndòdò tí mò ń mu lọ́sàn-án tẹ́lẹ̀, mo fi omi rọ́pò rẹ̀. Ní ti búrẹ́dì, mo kúrò lẹ́bàá fèrèsé, mo lọ ń jókòó sáàárín bọ́ọ̀sì níbi tí ọwọ́ àwọn tó ń tà á ò lè dé. Nígbà tí a bá sì wọ Festac, mo máa ń sọ̀kalẹ̀ lẹ́nu géètì, màá fẹsẹ̀ rìn gba títì ńlá délé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bàtà bó mi lẹ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ti ń kí àwọn ará ilé tó wà lójú ọ̀nà bí ẹni ń du ipò káńsẹ́lọ̀.

Nígbà tí oṣù tuntun lé, Àǹtí fi okùn náà yí mi ká. Ẹnu rẹ̀ méjèèjì kọjá ara wọn ní ìwọ̀n ìka méjì. Mo fò sókè. Ní oṣù kejì, ibẹ̀ náà ló ṣì dúró, kò kúrò rárá. Inú bí mi.

"Ẹ ò rí i, Àǹtí? Ìyà lásán ni mò ń jẹ."

"Àtẹ̀gùn ńkọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ni mò ń sinmi báyìí."

"Òrùka?"

"Ó yọ nígbà tí mò ń fọ abọ́ lánàá. Ọṣẹ ló yọ ọ́."

"Ṣé ọṣẹ ò sí nílé yín látọdún tó kọjá ni? Oorun ńkọ́?"

"Bàbá àwọn ọmọ ní mi ò hanrun mọ́."

Ó ká okùn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà bú sẹ́rìn-ín.

Oṣù kẹta ni mo wọ síkẹ́ẹ̀tì yẹn, síìpù tuntun rẹ̀ lọ sókè láìjà. Ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn ni ìyá mi wá kí wa láti Abẹ́òkúta. Mo pàdé rẹ̀ nísàlẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàbọ̀, mà." Ó fọwọ́ kan eegun ọrùn mi, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Bó ṣe dókè, kò tíì mu omi tó fi dojú kọ ọkọ mi.

"Àna mi, ọmọ tí mo fà lé yín lọ́wọ́ kọ́ nìyí. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ rọ̀bọ̀tọ̀ ni mo fún yín. Kí ni wọ́n ń fi jẹ ẹ́ níyà nínú ilé yìí?"

"Màmá, kò sí ìyà kankan. Òun ló ní òun fẹ́ fúyẹ́."

"Ta ló ń fẹ́ fúyẹ́? Ṣé ewé ni?"

Ọkọ mi wò mí pé kí n gba òun. Mo ṣàlàyé, mo dárúkọ dókítà, mo dárúkọ ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìyá mi ní ọmọdé ni dókítà náà. Ó wọ ilé ìdáná lọ, kò sì kúrò níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Iyán láàárọ̀, epo lórí epo, ẹran tó tó bàtà ọmọdé. Bí mo bá ní mo yó, á ní ṣé nítorí òun ló se é ni mi ò ṣe fẹ́ jẹ ẹ́. Mò ń jẹ ìdajì, àwọn ọmọ mi ń bá mi jẹ ìyókù, inú wọn sì dùn sí ìyá àgbà gan-an.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, omi ẹ̀rọ ò yọ. Ọkọ̀ tó ń gbé omi dúró lẹ́nu ọ̀nà àdúgbò, gbogbo wa gbé korobá jáde. Mo ru korobá ńlá kan, mo gùn lọ. Ìyá mi ń bọ̀ lẹ́yìn mi pẹ̀lú ike kékeré kan. Mo dókè, mo da omi mi, mo ń sọ̀kalẹ̀ lọ pọn òmíràn, ni mo bá a lájà kejì, tó jókòó sórí àtẹ̀gùn, tó ń mí hẹlẹ hẹlẹ.

"Ṣé o ti dókè ni?"

"Mo ti dà á, mà."

"O ò sinmi lọ́nà?"

"Mi ò sinmi."

Ó fà mí jókòó, ó tẹ apá mi wò, ó tẹ ẹsẹ̀ mi wò, bí ẹni ń yan iṣu.

"Nígbà tó kù díẹ̀ kí bàbá ẹ lọ," ó wí, "ó rù, kò lè gun àtẹ̀gùn ilé wa mọ́, ẹyọ mẹ́fà péré. Èmi ni mo máa ń tì í lẹ́yìn. Mo rò pé ìwọ náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

"Torí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe é, màmá. Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni máa tì mí."

A jókòó síbẹ̀, àwọn aládùúgbò ń gbé omi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n ń tọrọ gáfárà. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀fọ́ ló sè, epo rẹ̀ kò tó nǹkan. Òun fúnra rẹ̀ ló bu oúnjẹ ọkọ mi, ó ní, "Àna mi, ẹ má bínú sí mi. Ojú ìyá ni mo fi wò ó." Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, ó ní kò sí ìbínú kankan, ó wá béèrè bóyá ẹran àná ṣì kù.

Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, mo padà lọ rí dókítà. Ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀ dáadáa. Ó béèrè pé kílò mélòó ni mo dín kù, mo ní mi ò mọ̀. Mo sọ ti okùn, òrùka àti àtẹ̀gùn fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa ṣe é lọ bẹ́ẹ̀.

Mi ò ní purọ́ pé mi ò sanra mọ́ láyé mi. Mo bí ọmọ kẹrin, mo tún fẹ̀, mo tún rìn ín kúrò, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ náà ló lọ. Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ni mo yéé bínú sí ara mi. Ní àárọ̀ Sátidé, àwọn obìnrin mẹ́rin nínú ilé wa bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé mi rìn lọ sí ọjà Agboju. A máa ń tètè jáde kí oòrùn tó mú, a ó máa sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ ọkọ, ọ̀rọ̀ ọ̀gá tó ń yọni lẹ́nu níbi iṣẹ́. Nígbà míì, a máa ń rìn kọjá ọjà náà láì mọ̀, tí ẹ̀rín bá ti pọ̀ jù, a ó wá máa yí padà.