Ẹ̀rọ Tó Sọ Ọ̀kan Di Mẹ́sàn-án

Ìyá Àyẹ̀wò ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ obìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí nílé ìwòsàn kan. Díìsì mẹ́jọ ló wà nínú ẹ̀rọ ọ̀hún, káàdì gbogbo aláìsàn sì wà lórí wọn. Ó ti sọ ọ́ títí ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó o: díìsì a máa jẹrà láì pariwo, ẹ jẹ́ ká máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀gá ní àyẹ̀wò ń mú kí iṣẹ́ falẹ̀, ó ní kí wọ́n pa á tì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì kan máa lọ sílé. Káàdì tó kọ fún ọmọ kékeré kan ní kí wọ́n fún un ní oògùn ṣíbí mẹ́sàn-án. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tó ń pín oògùn tó fura.

"Ọ̀kan ni mo tẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà!" Nọ́ọ̀sì ń sunkún.

"Ta ló wá tẹ mẹ́sàn-án, iwin?" Ọ̀gá ló bi í bẹ́ẹ̀.

Ìyá Àyẹ̀wò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó wọ yàrá ẹ̀rọ lọ. Gbogbo iná ẹ̀rọ ń tàn ní àwọ̀ ewé, bí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ káàdì ni ẹ̀rọ ti ń ṣírò nọ́ńbà kan látinú ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹyọ kan bá yí, nọ́ńbà ò ní bára mu mọ́. Ó tún ti ọmọ náà ṣírò. Kò bára mu. Ó ṣí ẹ̀dà káàdì náà tí wọ́n ń tọ́jú sí ilé kejì: ṣíbí kan gédégbé!

Odindi ọjọ́ méjì ló fi yẹ gbogbo ẹ̀rọ wò. Díìsì karùn-ún ti ba káàdì mẹ́tàlélógójì jẹ́. Ó yọ ọ́, ó fi tuntun sí i, ó sì fi ohun tó wà lórí méje yòókù tún wọn kọ, torí ẹ̀rọ ti pín ẹ̀dà ohun tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí àwọn tó kù. Ó wá gbé òkú díìsì náà ka orí tábìlì ọ̀gá.

Ọ̀gá ní, "Ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe, màdáàmù. Kò kan ẹnikẹ́ni."

"Ó kan ẹni tó ní ká má wò ó! Ọmọ ọlọ́mọ ì bá kú, ẹ sì ti ń lé ọmọ ọlọ́mọ mìíràn lọ!"

Nọ́ọ̀sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ "àṣìṣe kékeré" ni wọ́n pè é nínú ìwé ìjábọ̀ tí wọ́n ní kí Ìyá Àyẹ̀wò fọwọ́ sí. Ó dá a padà. Ó ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó dá àyẹ̀wò dúró, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tó dá a dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló dá a padà. Ìgbà kẹrin ni wọ́n tó kọ ọ́. Ó fọwọ́ sí i, ó sì mú ẹ̀dà kan lọ fún nọ́ọ̀sì.