Àdúrà Òdìkejì Gọ́tà

Lẹ́yìn tí ìyàwó mi kú, ọmọbìnrin wa tó wà ní Kàdúná ń kọ lẹ́tà sí mi. Akọ̀wé kan ní Apọ́ngbọ̀n ló ń bá mi kà á. Ohùn rẹ̀ ròkè. Kó tó kà á tán lọ́jọ́ kan, ẹlẹ́ja ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń kí mi kú oríire oyún ọmọ mi. Mo ní mo gbọ́dọ̀ máa ka lẹ́tà mi fúnra mi.

Nígbà tí káńsù ṣí ilé ìwé àgbà nítòsí Ìgá Ìdúngànrán, ààfin ọba Èkó, mo ra síléètì. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Lọ́jọ́ kìíní, bàbá káfíńtà kan dìde, ó gbàdúrà lórúkọ Jésù. Àwa Mùsùlùmí ò ṣe àmín. Lọ́jọ́ kejì, ìyá aláṣọ kan yára ṣáájú rẹ̀, ó ka Fátíhà. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì panu mọ́. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn méjèèjì jọ ń gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. A ò kọ́ kọjá B.

Tíṣà wa ní ìjọba ò ní mọ́ṣáláṣí, kò sì ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí náà kò sí àdúrà mọ́ nínú ilé ìjọba. Ta ni í bẹ̀rẹ̀ nǹkan láìgbàdúrà? Àwọn kan ti ń kó ẹrù wọn. Tíṣà ní bí a bá dín kù, káńsù á ti ibẹ̀ pa. Mo rántí ẹlẹ́ja.

Èmi tí kì í sọ̀rọ̀, mo dìde. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ilé ìjọba parí sí?"

Ó rò ó díẹ̀. "Gọ́tà iwájú yẹn ni, bàbá."

Ìyá aláṣọ ti wọ bàtà. "Bàbá Káfíńtà, ẹ jẹ́ ká lọ. Ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ gbà á, àmọ́ ẹ má fà á gùn."

Láti ọjọ́ náà, òdìkejì gọ́tà la ti ń gbàdúrà, tiwọn lónìí ṣáájú, tiwa lọ́la ṣáájú, ká tó gba orí pákó tí wọ́n fi dábùú gọ́tà wọlé. Ẹni tó bá ṣì ń ṣe àmín lórí pákó, Tíṣà á ní kó padà.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé. Mo gbé e lọ sí kíláàsì, mo ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan títí mo fi kan ìparí: Ọlọ́run á dá yín sí fún mi, Bàbá.

"Àmín," ni mo wí. N kò mọ̀ pé ó jáde sókè.

Tíṣà na ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀ sí ìta. Mo ká lẹ́tà mi, mo gba orí pákó kọjá, mo tún ṣe àmín náà níbẹ̀. Ìyá aláṣọ yọjú lójú fèrèsé, ó ní àdúrà wo ni mò ń ṣe àmín sí.

N kò sọ fún un.