Ẹ̀wù Irin Ràmọ́nù

Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi Ràmọ́nù ní Ifangni. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti rọ láti kékeré, nítorí náà máṣíìnì àfọwọ́yí ló ń lò, kì í sì í jìnnà sílé. Ẹni tí kò bá wá bá a, kò lè rí i. Ìdáwà náà ń dùn ún, mo mọ̀, bí kò tilẹ̀ ní sọ ọ́. Àwọn ọkùnrin ilé wa, àfi kéèyàn fi ẹ̀mú fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn.

Láyé ìjọba ológun, nígbà tí gbogbo wa ń pe ara wa ní kámárádì, ìyẹn ẹlẹgbẹ́ ìjà, ó dá eré kan sílẹ̀. Òun á máa sọ ìtàn: "Ẹ ti wọ igbó, ẹkùn yọ." Àwọn tó ń bá a ṣeré ni jagunjagun inú ìtàn náà. Ẹ̀kùrọ́ mẹ́wàá ni ẹ̀mí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ju dé, irú èyí tí wọ́n fi ń ta lúdò, iye tó bá hàn ni ọgbẹ́ yóò kó kúrò. Yésúfù ọlọ́kadà, Victorin olùkọ́ àti Thérèse tó ń ta ọsàn kì í pa ìrọ̀lẹ́ kan jẹ.

Ẹ̀wù irin tí jagunjagun Yésúfù wọ̀ nínú ìtàn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ràmọ́nù ní, "Ẹ̀wù irin a máa gba ọgbẹ́." Yésúfù bá di ọ̀rọ̀ yẹn mú: ẹ̀wù ti gbà á, kò kan òun mọ́ nìyẹn. Alágídí pọ́nńbélé. Ẹkùn bù ú jẹ títí, kò kú. Victorin yán, ó ní, "Kámárádì, ìjà tiwa yìí kàn ń tẹ̀síwájú ni, kò lópin."

Ràmọ́nù bá sọ ọgbẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Ìyẹn náà ò kan Yésúfù. Thérèse tí kò lẹ́wù ló kú kó tó jókòó dáadáa. Ó gbọn ìró rẹ̀, ó ní òun ń lọ dáná. Victorin náà ò wá mọ́. Inú bí mi sí gbogbo wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ń tú aṣọ tó ti rán tán, ó ń tún un rán.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Yésúfù gbé ṣòkòtò tó ya wá.

"Ọpẹ́lọpẹ́ ṣòkòtò yìí," ló wí. "Òun ló gba ìṣó tó fẹ́ gún mi."

Ràmọ́nù dáwọ́ máṣíìnì dúró. "Ó gbà á?"

"Ó gbà á."

"Kí ló wá gbé e dọ́dọ̀ mi?"

"Ó ya ni. Ṣé ojú ń dùn ọ́ ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn. Ó ní kí n lọ pe àwọn yòókù wá. Thérèse fẹ́ máa ṣe yànga, mo ní kó dìde jàre.

"Kò sí ìlọ́po mọ́," Ràmọ́nù wí. "Ẹ̀wù irin ní ẹ̀kùrọ́ tirẹ̀, mẹ́fà. Ohun tó bá gbà, ara rẹ̀ ni yóò ti kúrò. Tó bá tán, ẹ̀wù ti ya."

Ẹkùn yọ. Ẹ̀wù Yésúfù gbà á, ó tún gbà á, ó ya. Ẹ̀kùrọ́ kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó pa ẹkùn náà. Gbogbo wọn ti dìde dúró láìmọ̀.

Yésúfù nu òógùn ojú. "Ta ló máa wá bá mi rán ẹ̀wù náà?"

"Èmi télọ̀ ńkọ́?" Ràmọ́nù fèsì. "Ṣùgbọ́n kò lè yá lónìí. Ẹ padà wá lọ́la."

Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé fi ń bú télọ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó bú u.