Àwo Kẹrin

Ọdún kejìlélógún rèé tí Verna Gillis ti ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú tó wà ní ìlú Glace Bay. Kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí arúgbó kọ̀ọ̀kan jẹ àtohun tó ṣẹ́kù sínú àwo, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú ìwé ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Ọ̀gbẹ́ni Comeau ti ìjọba wá láti Halifax nítorí bàbá arúgbó kan níbẹ̀, Alec MacVicar, sójà àtijọ́. Òfin wọn ni pé sójà àtijọ́ tí kò bá jẹun fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìtọ́jú ńlá ní Halifax, ìrìn wákàtí márùn-ún. Bàbá Alec ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án láìjẹun.

"Ta ló ṣòfin yìí?" Verna bi í.

"Ìgbìmọ̀ ni, mà."

"Ta ló ti bọ́ arúgbó rí nínú wọn?"

Verna ṣíwèé.

"Ọjọ́ kẹta oṣù, ó jẹ ẹ̀wà tán, ó fi búrẹ́dì méjì tì í. Ọjọ́ kẹrin, ọ̀gá wa tuntun gbé àwo kẹrin kúrò lórí tábìlì òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ méjì, ó ní ẹni mẹ́ta ló ń jẹun níbẹ̀. Látìgbà yẹn, tíì nìkan ni Bàbá Alec ń mu."

"Àwo ta ni?"

"Ti Hector. Wọ́n jọ lọ sógun, kò bá wọn bọ̀, ni wọ́n ṣe ń gbé àwo dè é. Àwọn méjì yòókù ń kùn, wọ́n sì ń jẹ. Bàbá Alec ò kùn rárá."

"Ẹ ò sọ fún wa."

"Fọ́ọ̀mù yín ń bi wá pé mélòó ló jẹ. Kò bi wá pé kí ló dé."

Ọ̀sán ti pọ́n. Verna gbé àwo kẹrin padà sáàyè Hector lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó bu ẹ̀wà àti àkàrà ẹja fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bàbá Alec wo àwo náà, ó wo àlejò.

"Ọmọ ta ni ẹ?"

"Ọmọ Comeau, bàbá."

"Comeau apẹja? Ọ̀lẹ paraku. Sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, o ń dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ Hector."

Ló bá mú fọ́ọ̀kì.

Verna kọ ọ́: àkàrà ẹja méjì. Comeau ká fọ́ọ̀mù ẹ̀ sápò.

"Ìgbìmọ̀ ń jókòó lọ́jọ́ Ẹtì, mà. Ẹ bá mi lọ. Ó yẹ ká máa bi ilé ìtọ́jú léèrè ká tó gbé ẹnikẹ́ni."

"Ìwé mi á bá mi lọ."

"Verna," Bàbá Alec fi ẹnu tó kún pè é, "tó o bá débẹ̀, sọ fún wọn pé ẹ̀wà yìí ò níyọ̀."

Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.